Kí Oúnjẹ Lè Dà, Kí Oorun Lè Dùn

Ẹ̀bùn méjì ni ó wà tí olówó kò lè fi owó rà, tí tálákà sì lè ní ní ọ̀fẹ́. Èkíní ni inú tí oúnjẹ ń dà nínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Èkejì ni oorun tí a sùn ní alẹ́ tí ara sì jí pépé ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì kì í sábà rántí pé òun ní wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pàdánù wọn fún oṣù kan péré yóò mọ̀ pé àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n wí pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Àgbẹ̀ tí kò fojú ba oorun ní òru kò lè kọ ebè púpọ̀ ní òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí inú ń run kò lè fi ọkàn sí ìmọ̀ràn kankan. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ohun tí olúkúlùkù lè ṣe nínú ilé ara rẹ̀, láìná owó púpọ̀, kí oúnjẹ lè dà kí oorun sì lè dùn. A ó sì sọ ibi tí ìtọ́jú inú ilé parí sí, tí ó fi di dandan láti lọ rí oníṣègùn. Nítorí àìmọ ààlà yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò

Ní àdúgbò wa, a mọ ọkùnrin méjì kan, ọmọ ìyá ni wọ́n, àgbẹ̀ kòkó sì ni àwọn méjèèjì. Ìṣe wọn kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọn yóò jí ní kùtùkùtù, wọn yóò fi obì panu, wọn yóò gbé hóró oògùn ara ríro méjì mì nítorí ẹ̀yìn tí ń dùn wọ́n, wọn yóò sì forí lé oko láìjẹun. Iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní nǹkan bí aago 9 alẹ́ ni a ó tó gbé iyán ńlá kalẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fọ ọwọ́ tán, orí ẹní ni. Kí òru tó jìn, àyà ẹ̀gbọ́n yóò ti máa jó o bí ẹni pé a da iná sí i, omi kíkan yóò máa yọ sí i ní ọ̀fun, yóò dìde jókòó, oorun ti lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Nígbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ọ̀dà, ó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń mu àgbo. Ọjọ́ tí ó dákú ní ìdí igi kòkó ni àwọn ará ilé tó mọ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà sínú ikùn rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì padà wá sí ilé mọ́. Ọgbẹ́ inú ni ó ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Àbúrò tí ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ara rẹ̀: oúnjẹ kan náà ni ó ń jẹ, oògùn kan náà ni ó ń gbé mì, àyà kan náà sì ni ó ń jó o ní òru. Ẹ̀rù bà á, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan, tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ àgbà, bi í pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ máa ń jẹ, ìgbà wo ni ẹ sì máa ń jẹ ẹ́?" Ó dáhùn pé, "Ọmọ mi, oògùn ni mo wá gbà, n kò wá ṣírò oúnjẹ." Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Dókítà yóò fún yín ní oògùn. Ṣùgbọ́n bí ìkòkò bá ń jò, a kì í máa bu omi sí i lásán. A máa ń wo ibi tí ó ti ń jò." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ibi tí ìkòkò ti ń jò.

Ìrìn àjò oúnjẹ

Ẹnu ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Eyín a máa lọ̀ ọ́, itọ́ a sì máa rọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ni yóò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú àpò ikùn, níbi tí omi kíkan kan yóò ti pò ó mọ́ra bí ìgbà tí a ń po ẹ̀kọ. Lẹ́yìn wákàtí 2 sí 4, yóò ti bọ́ sínú ìfun kékeré, tí ó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà. Níbẹ̀ ni ara ti ń gba agbára inú oúnjẹ. Èyí tí ó kù yóò lọ sínú ìfun ńlá, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, níbi tí a ó ti fa omi rẹ̀ yọ kí ó tó di ìgbẹ́.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn gbà mọ púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí yani lẹ́nu. Ní ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn kan ṣèèṣì yìn, ó sì ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alexis St. Martin ní ìhà. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ihò kan kù sí i lára tí ó já sínú àpò ikùn. William Beaumont, dókítà àwọn ọmọ ogun, ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, a máa fi òwú so oúnjẹ, a sọ ọ́ sínú ihò náà, a sì tún fà á jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láti wo bí ó ti dà tó. Ní ọdún 1833 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí. Ó rí i pé omi inú àpò ikùn ni ó ń yọ́ oúnjẹ. Ó sì rí i pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, oúnjẹ kì í dà bí ó ti yẹ. Ẹ̀yin bàálé àti ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ gbọ́ èyí o! Ìdí àwo oúnjẹ kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí a ti ṣe ẹjọ́ owó ilé ìwé tàbí ti ààlà oko.

Àyà tí ń jó ní òru

Láàrin ọ̀nà ọ̀fun àti àpò ikùn, iṣan kan wà tí ó ń pa ẹnu àpò náà dé bí okùn tí a fi so ẹnu àpò kòkó. Bí a bá jẹun yó bámúbámú tí a sì dùbúlẹ̀ lójú kan náà, ikùn wa dàbí agbè ẹmu tí ó kún dé ẹnu, tí a wá gbé dùbúlẹ̀: ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa jò padà. Omi kíkan tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ yóò gòkè, yóò sì máa jó ọ̀nà ọ̀fun. Ìdí nìyí tí oorun fi ń dá lójú ẹni tí ó jẹ iyán ní aago 9 tí ó sì sùn ní aago 10.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a jẹ oúnjẹ alẹ́ ní kùtù, kí wákàtí 3 wà láàrin rẹ̀ àti ìgbà tí a ó dùbúlẹ̀. Kí oúnjẹ ńlá jẹ́ ti òwúrọ̀ tàbí ti ọ̀sán, kí ti alẹ́ fúyẹ́. Kí a rún oúnjẹ dáadáa, kí a má ṣe gbé òkèlè mì bí ẹni tí a ń lé. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí a rìn díẹ̀ nínú àgbàlá. Bí àyà bá sì ń jóni síbẹ̀, kí a fi igi tàbí bíríkì gbé ẹsẹ̀ ibùsùn sókè ní ìhà orí, ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìrọ̀rí púpọ̀ kò tó, nítorí ọrùn nìkan ni ó ń tẹ̀, ó sì ń ká ikùn pọ̀. Kí a fi ìhà òsì sùn, nítorí bí àpò ikùn ti wà nínú ara, omi kíkan kì í tètè gòkè bí a bá fi ìhà òsì lélẹ̀.

Ìgbẹ́ líle àti ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ohun dídùn ni ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wú ní ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tí ó sì sábà ń mú un wú ni ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára tì, jíjókòó pẹ́ jù ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti oyún nínú àwọn obìnrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀.

Fọ́nrán inú ewébẹ̀, èso, ẹ̀wà àti ọkà ni ó ń ṣe èyí. Ara kì í lo fọ́nrán wọ̀nyí tán; wọn a máa fa omi mọ́ra, wọn a sì mú kí ìgbẹ́ rọ̀ kí ó sì tètè jáde. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa jẹ ewébẹ̀ àti èso tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́, kí ó sì rí fọ́nrán tí kò dín ní gíráàmù 25. Ọlọ́run ti fi nǹkan wọ̀nyí sí àyíká wa: ewédú, ilá, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀yòkòtò, gúre, ewúro, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, ọsàn, máńgòrò. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí a bá sẹ́ ògì, eèrí tí a dà fún ewúrẹ́ ni ó kó púpọ̀ nínú fọ́nrán àgbàdo lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe mu ẹ̀kọ nìkan; kí a fi ọ̀ọ̀lẹ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ kún un. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó fi í kún oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí inú má bàa wú u.

Omi ni èkejì. Àgbẹ̀ tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ gbé omi mímọ́ lọ sí oko. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, omi kò tíì tó o. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe máa dá ìgbọ̀nsẹ̀ dúró bí ó bá ń gbọ̀n wá. Ẹni tí ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníjókòó lè fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ ga. Bí àwọn baba wa ti ń lóṣòó ni ó rọ ìfun lọ́rùn jù.

Ní ti àgbo àti oògùn líle tí a fi ń fọ inú ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, a kò gbà yín níyànjú. Ara a máa pàdánù omi àti iyọ̀ nípa rẹ̀, àárẹ̀ yóò sì mú ẹni náà. Kí a má ṣe fi irú rẹ̀ fún ọmọdé tàbí aboyún rárá.

Ní ti ẹ̀wà tí ń mú inú wú, kí a rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi mìíràn sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Irú ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun wa kò lè dà, tí ó sì ń di atẹ́gùn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò bá omi àkọ́kọ́ lọ. Kí a sì ṣọ́ kánún lò, nítorí irú èròjà tí ń bẹ nínú iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì dára fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọgbẹ́ inú

Fún ìgbà pípẹ́, ìrònú àti ata ni a sọ pé ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ní ọdún 1982, oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, fi hàn pé kòkòrò àìlèfojúrí kan tí ń gbé inú àpò ikùn wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ mu kòkòrò náà ní ọdún 1984, inú rẹ̀ sì wú, ó sì ń bì. Ní ọdún 2005, a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Oògùn wà tí ń pa kòkòrò yìí láàrin ọ̀sẹ̀ bíi méjì, bí dókítà bá ti yẹ ènìyàn wò tí aláìsàn náà sì lo oògùn rẹ̀ tán. Ata lè ta ọgbẹ́ tí ó ti wà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó dá a sílẹ̀.

Ohun kejì tí ń dá ọgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni oògùn ara ríro. Aspirin, ibuprofen, diclofenac àti piroxicam a máa sọ awọ inú àpò ikùn di aláìlágbára, pàápàá nínú àgbàlagbà tí ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Kí a má ṣe rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn nínú ọjà, kí a má sì sọ wọ́n di oúnjẹ òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà bá fún ní aspirin nítorí ọkàn rẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró láìbi dókítà náà.

Oorun tí ó dùn

Bí àkùkọ ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun kọ, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà nínú ara wa tí ó mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ní ọdún 2017, a fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣe àwárí bí aago inú ara yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a máa tú oje kan tí a ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀ láti kéde fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ iná àti ti fóònù tí a gbé sí ojú a máa dí i lọ́wọ́. Nítorí náà, kí a jáde sí ìmọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀, kí a sì pa fóònù tì ní wákàtí kan kí a tó sùn. Àgbàlagbà nílò oorun tí kò dín ní wákàtí 7. Kí a máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi.

Nínú obì, kaféènì wà, èyí tí ó wà nínú kọfí àti tíì pẹ̀lú. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ obì ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, kí ó má ṣe béèrè ní aago 10 ohun tí ó gba oorun lójú òun. Kí a fi obì mọ sí òwúrọ̀. Ẹmu àti ògógóró a máa tètè múni sùn, ṣùgbọ́n wọn a sì máa jíni ní ìdajì òru.

Bí oorun ọ̀sán bá ń kùn wá, kí ó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Kí a wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò sì wá, kí ó má ṣe máa yí kiri lórí ẹní; kí ó dìde, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, kí ó padà nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Bí ìrònú iṣẹ́ ọ̀la ni ó ń gba oorun lójú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì pa ìwé náà dé. Kí a sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí a má ṣe gbé ìkòkò èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sẹ́bàá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tí ń ti ibẹ̀ jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Oògùn oorun tí dókítà kò kọ, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. A máa di bárakú.

Ibi tí ìtọ́jú inú ilé parí sí

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí nínú ìgbẹ́, oúnjẹ tí ń há ní ọ̀fun, ara tí ń rù láìnídìí, ojú tí ó pọ́n bí osùn tàbí tí ó yí sí pupa rúsúrúsú, inú rírun tí kò lọ, àyà dídùn pẹ̀lú èémí tí kò délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí a máa pupa. Ìgbẹ́ dúdú, bí kì í bá ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ni ó fà á, ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lókè nínú ikùn. Bákan náà, ẹni tí ń hanrun kíkan tí èémí rẹ̀ sì ń dáwọ́ dúró lójú oorun, kí àwọn ará ilé rẹ̀ mú un lọ.

Ní ti àbúrò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, a bá kòkòrò náà nínú rẹ̀, ó sì lo oògùn rẹ̀ tán. Ó dáwọ́ hóró oògùn ara ríro dúró. Ìyàwó rẹ̀ ń di ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ fún un lọ sí oko ní òwúrọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ó sì ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí a tún rí i ní àkókò ìkórè, ara rẹ̀ ti dá, ó sì ń sùn di òwúrọ̀. A yọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó mi orí, ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ̀rọ̀ ni, à bá jọ ká kòkó ọdún yìí."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe fi àrùn pamọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ohun tí ń gba ibẹ̀ kọjá, àti ìgbà tí ó ń kọjá. Kí a jẹun ní kùtù, kí a rún un dáadáa, kí a fi ẹ̀fọ́ àti èso kún un, kí a mu omi, kí a jẹ obì mọ ní òwúrọ̀, kí a pa iná kí a sì sùn ní àkókò. Kò sí èyí tí ó ga ju agbára ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Kí oúnjẹ wa máa dà, kí oorun wa sì máa dùn.